Àjà Ilẹ̀ Tí Ẹ Fẹ́ Sọ Di Yàrá

 Ẹni tó bá kọ́lé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ní Jos àti agbègbè rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé á jìn ju iwájú lọ. Níbẹ̀ ni àjà ilẹ̀ ti ń yọ, tí a máa ń kó pákó àti ìyókù sìmẹ́ńtì sí.

Bí ọmọ bá dàgbà, tàbí tí owó bá ṣọ́wọ́n, baba ilé á ní: “Ṣé kí a rẹ́ ibẹ̀, kí a fi ayálégbé sí i?” Bàbá kan ládùúgbò wa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó rẹ́ ẹ, ó kùn ún, ó tẹ́ táìlì. Òjò oṣù Kẹjọ dé, pẹ́ńtì bó, ògiri bu, ayálégbé sì gba owó rẹ̀ padà. Bàbá kò wádìí omi kó tó náwó.

Ọyẹ́ a máa tan ènìyàn, torí gbogbo ògiri ló ń gbẹ nígbà náà. Ẹ dúró de òjò. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri àti ilẹ̀, kí ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀ yíká. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ wò ó. Bí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, inú ilẹ̀ ló ti ń wá. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀rá ló wà, ọ̀rinrin inú yàrá ni. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé.

Omi inú ilẹ̀, ìta la ti ń bá a jà. Kí birikìlà la gọ́tà sí apá òkè ilé, kí omi òrùlé má dà sí ẹsẹ̀ ògiri. Ẹni tó fi pẹ́ńtì bo ọ̀rinrin, egbò ló fi aṣọ bò. A kò sì gbàgbé oṣù Keje ọdún 2012, nígbà tí omi Lamingo kún àkúnya, tó gbé ilé, tó gba ẹ̀mí. Ẹni tó wà létí odò, ẹ má sọ àjà di ibùsùn rárá.

Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ṣé ẹni gíga lè nàró níbẹ̀? Bí iná bá sọ lẹ́nu ọ̀nà, ṣé fèrèsé wà tí ènìyàn lè gbà jáde, tí irin rẹ̀ ṣe é ṣí láti inú? Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ ilé láéláé, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àjà. Ẹ má sì gbé ìkòkò èédú wọ ibẹ̀ láti yáná. Atẹ́gùn olóró inú wọn kò lóòórùn, ojú kò rí i. Ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ fi í ṣe ibi ìkẹ́rùsí. Ilé kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa rí kọ́ sí ìlú tí a tẹ̀dó sí yìí. Ẹ má jẹ́ kí owó ilé kékeré kan sọ ọ́ di ilé ọ̀fọ̀.