Iṣan Ọwọ́ Tó Já: Iṣẹ́ Abẹ àti Ìtọ́jú Lẹ́yìn Rẹ̀

Iṣan líle tó so ẹran ara mọ́ egungun ló ń jẹ́ kí ìka ká, kó sì nà. Bí àdá bá ṣá àgbẹ̀ lọ́wọ́ nínú oko iṣu tàbí oko kajú ní agbègbè Bouaké, tàbí tí ìgò bá gé èèyàn, ojú ọgbẹ́ lè má ju ìwọ̀n èékánná lọ, síbẹ̀ kí iṣan ti já nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣan tó ń ká ìka ló já, ìka náà yóò nà gbọọrọ nígbà tí àwọn yòókù bá ká.

Omi mímọ́ ni kí wọ́n fi ṣan ọgbẹ́ náà, kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ dì í. Eérú, epo mọ́tò àti ewé gígún kò gbọdọ̀ kàn án. Rírán awọ nìkan kò tó, nítorí awọ yóò jinná bo iṣan tó já. Ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ egungun, irú ilé ìwòsàn yunifásítì (CHU) ti Bouaké, ló yẹ kí aláìsàn lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, orí iṣan á ti sún kúrò lójú ọgbẹ́, dókítà sì lè ní láti yọ iṣan mìíràn láti apá fi rọ́pò rẹ̀. Iṣan tí wọ́n sábà máa ń yọ yìí, a ò bí i mọ́ àwọn èèyàn kan rárá, ọwọ́ wọn sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó ń mú kí apá má mọ ìrora, dókítà á la ojú ọgbẹ́ sí i, á wá orí iṣan méjèèjì, á sì fi òwú tó lágbára rán wọn pọ̀. Láàárín àtẹ́lẹwọ́ àti àárín ìka ló le jù, torí iṣan méjì ló ń gba ihò tóóró kan ṣoṣo kọjá níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ló ń pinnu bí ọwọ́ yóò ṣe rí. Bí ìka kò bá mira rárá, iṣan á lẹ̀ mọ́ ara. Bí wọ́n bá fi í di nǹkan mú, yóò tún já. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń de ọwọ́ mọ́ pátákó, tí oníṣẹ́ ìtọ́jú ara tí wọ́n ń pè ní kiné yóò sì kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe máa fi ọwọ́ kejì ká ìka náà pẹ̀lẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ti iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ yàtọ̀: nínà ni wọ́n ń de ìka sí. Àdá, ẹrù wúwo àti alùpùpù di ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta. Bí ìka tó ti ń ká bá ṣàdédé kọ̀ láti ká, ọjọ́ náà gan-an ni kí aláìsàn padà sí ilé ìwòsàn.