Tí Ẹni Tó Ń Ra Fíìmù Bá Ku Ẹyọ Kan

Láyé kásẹ́ẹ̀tì fídíò àti àwo VCD, ẹni tó bá ṣe fíìmù lè gbé e láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Àlàbá l'Ékòó. Bí máàkẹ́tà kan bá yínmú sí i, òmíràn lè náwó lé e. Lóòótọ́, àwọn tó ń da fíìmù onífíìmù kọ lọ́nà èrú jẹ èrè ọ̀pọ̀ onífíìmù gbẹ níbẹ̀, ìwà ìkà gbáà sì ni. Àmọ́ olùrà pọ̀. Lónìí, wọ́n ń dín kù. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ Canal+ ti ilẹ̀ Faransé ra ilé-iṣẹ́ fíìmù ROK Studios lọ́wọ́ IROKO. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ó gba MultiChoice, tó ni DStv àti Africa Magic. Ilé méjì tí onífíìmù ń kan ìlẹ̀kùn wọn ti di ti olówó kan ṣoṣo.

Àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ ńlá ló lówó tí fíìmù gidi ń fẹ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí olówó yẹn bá ní iye báyìí lòun máa san, ta la fẹ́ lọ bá? Ní 2025, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bá MultiChoice fa ọ̀rọ̀ owó DStv. Kí àjọ náà jọ̀ọ́ fi irú ojú kan náà wo owó tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń san fún àwọn tó ń ṣe fíìmù.