Kíbọọ̀dù, Àyè Ìyàwòrán àti Àmì Ohùn Yorùbá
Bí olùṣètò kọ̀ǹpútà bá fúnra rẹ̀ ya àyè tí a ó máa tẹ ọ̀rọ̀ sí, ọwọ́ rẹ̀ ni gbígba lẹ́tà láti orí kíbọọ̀dù, yíyà á àti pípa á rẹ́ wà. Níbẹ̀ ni Yorùbá ti ń fara gbá. Unicode ní ẹyọ nọ́ńbà kan fún «ọ», U+1ECD. Kò ní fún «ọ́»: àmì ohùn òkè, U+0301, ni a fi ń tẹ̀ lé e. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́, ètò tó ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà yóò pa àmì nìkan rẹ́. Lórí àkọlé ọjà ní Ọ̀tà, «ọkọ́» àgbẹ̀ lè di «ọkọ» ìyàwó. Lẹ́tà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ ni kí ètò kà sí ẹyọ kan, bí òǹkàwé ti ń kà á.