Táyà pẹlẹbẹ wu ojú, ṣùgbọ́n kòtò kò mọ oge

Ẹni tó bá mọ Ládípọ̀ ní Múṣin, l'Ékòó, kò ní í ṣàjèjì ní Suame Magazine tó wà ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana. Òórùn epo ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ariwo òòlù kan náà ni. Ohun ìjà tí wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀ láyé àwọn Òyìnbó amúnisìn ló fún àdúgbò náà lórúkọ. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹkáníìkì, wẹ́dà àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń jẹun níbẹ̀. Nígbà tí yunifásítì tí à ń pè ní KNUST lónìí fẹ́ mú ìmọ̀ ẹ̀rọ tọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ lọ́dún 1980, Suame ni wọ́n gbé ibùdó wọn kalẹ̀ sí.

Wọ́n ń tún mọ́tò ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é lóge. Oge kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀, ní Kumasi bíi ti Èkó, ni kí wọ́n yọ ríìmù kékeré tí mọ́tò bá wá láti ilé iṣẹ́, kí wọ́n fi ríìmù ńlá tó ń dán rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n wá fi táyà pẹlẹbẹ, èyí tí Òyìnbó ń pè ní low-profile, wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà á wá dúró bí ọkọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n tibi-tire la dá ilé ayé. Kí ni ọlọ́kọ̀ rí gbà níbẹ̀, kí ló sì fi sílẹ̀?

Ara táyà ni ìdáhùn wà. Bí a bá mú táyà tí wọ́n kọ 195/65 R15 sí lára, irú èyí tí ọ̀pọ̀ Corolla ń lò, 195 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà; gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 127; 15 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí 225/45 R17, ẹ̀gbẹ́ náà já sí 101. Bó bá di 225/40 R18, 90 péré ló kù. Gíga táyà lápapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ríìmù ló gba àyè afẹ́fẹ́.

Ire wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ti ojú nìkan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Pirelli ti ilẹ̀ Ítálì gbé táyà P7 jáde ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọkọ̀ tó ń sáré gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀gbẹ́ tó kúrú kì í mì bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà. Ohun tí ọwọ́ awakọ̀ bá sọ ni táyà ń gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ríìmù ńlá tún ń fún bíréèkì ńlá láyè. Lójú ọ̀nà tó tẹ́ bí ẹní, ìgbádùn ni.

Àmọ́ afẹ́fẹ́ inú táyà ni tìmùtìmù ọkọ̀. Bí táyà bá já sí kòtò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ láti gba ìlù náà mọ́ra. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ti kúrú jù, etí kòtò á fún un mọ́ ríìmù. Ríìmù á tẹ̀ tàbí kó sán. Okùn inú táyà á já, ara rẹ̀ á sì wú bí eéwo. Táyà tó bá ti wú báyìí, kò sí fọkanáísà tó lè wò ó sàn. Ó lè bẹ́ nígbàkigbà. Ríìmù álọ́ì tí wọ́n sì fi iná rọ̀, tí wọ́n fi òòlù lù tọ́, lè má ní agbára àkọ́kọ́ mọ́. Ìyókù ìlù náà, ṣọ́ọ̀kì ni yóò gbà á, lẹ́yìn rẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn èrò ọkọ̀.

Ẹ rántí òjò. Ó máa ń pọ̀ ní Kumasi lóṣù kẹfà, a sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Omi á bo kòtò mọ́lẹ̀, awakọ̀ kò ní í rí i. Táyà tó fẹ̀ sì tètè ń léfòó lórí omi bí ojú rẹ̀ bá ti jẹ. Ẹni tó ń fi tàkísì wá oúnjẹ, tàbí tó ń kó èrò lọ sí Accra, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 250, kò lè fi èyí ṣeré. Bí táyà bá bẹ́ lórí eré, ẹ̀mí ló wà nínú ewu.

Àṣìṣe ìwọ̀n tún wà. Ẹni tó bá fi 225/55 R17 rọ́pò 195/65 R15 ti mú kí táyà ga jù ní nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Bí aago eré bá ń sọ 100, nǹkan bíi 107 ni ọkọ̀ ń sá. Ríìmù tó wúwo jù ti tẹ́lẹ̀ sì ń jẹ epo, ó ń fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣe é, kó má fi íǹṣì kan tàbí méjì kọjá ríìmù ilé iṣẹ́, kí gíga táyà má yí padà, kí nọ́ńbà ẹrù ara rẹ̀ má sì dín sí ti àkọ́kọ́: 91, fún àpẹẹrẹ, túmọ̀ sí kìlógíráàmù 615 lórí táyà kan. Kó máa wọn afẹ́fẹ́ déédéé. Bó bá sì jẹ́ tókúnbọ̀ ni wọ́n fẹ́ tà fún un, kó wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti gbó, bó ti wù kó dán tó, àgbà ni.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀ lójoojúmọ́ ló yẹ kó yan táyà fún un, kì í ṣe ojú àwọn tó dúró lẹ́bàá títì.