Alùpùpù Onísílíńdà Méjì: Kí Ẹ Tó Gbé E Fún Oníkọ̀ńdẹ́m

Okun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa! Bí a ṣe ń kí ara wa nílé nìyẹn, ní Kabba àti káàkiri Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ìkíni yẹn náà ló di orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ okun ni mo bá wá lónìí, àmọ́ okun ẹ́ńjìnnì ni: ibi tó ti ń wá, àti ohun tó máa ń gbà á lọ́wọ́ alùpùpù àtijọ́.

Ẹ wo orúkọ yẹn ná, alùpùpù. Ìró ẹ́ńjìnnì ló wà nínú rẹ̀: pù-pù-pù. "Ọ̀kadà" ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ara orúkọ Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ni wọ́n ti mú un fún alùpùpù akérò. Ẹni tó bá fetí sí ìró yẹn dáadáa lè mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì láì tú bóòtù kan. Bajaj tó dúró sójú kan, tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ìró rẹ̀. Honda CD175 àtijọ́ kò ṣeé kà. Ńṣe ló ń lọ wọ́ọ́rọ́ bíi máṣíìnì ìránṣọ. Ìdí ni pé písítínì méjì ló wà nínú tirẹ̀, Bajaj ní ẹyọ kan.

Ó yẹ ká mọ ìyàtọ̀ yìí, torí pé irú Honda bẹ́ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé àwọn kan lábẹ́ tapólì, àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́m sì ń bèèrè rẹ̀. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Nígbà mìíràn, ìdajì rẹ̀ ló kàn sùn.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin, agbára ẹ̀ẹ̀kan

Ẹ́ńjìnnì méjèèjì yìí, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń gbé. Àkọ́kọ́, písítínì á sọ̀ kalẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ìkejì, á gòkè, á fún wọn pọ̀. Ìkẹta, púlọ́ọ̀gì á ṣáná, epo á gbiná, agbára iná náà á sì ti písítínì wálẹ̀. Ìkẹrin, písítínì á tún gòkè, á lé èéfín jáde.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìkẹta nìkan ló ń mú agbára wá. Àwọn mẹ́ta yòókù ń jẹ nínú agbára yẹn ni. Kráńkì á ti yí lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó tún ṣẹ́ nínú sílíńdà kan náà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, onísílíńdà kan á ṣáná agbára ní ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Onísílíńdà méjì á ṣe é ní ogún ìgbà. Ìdí tí etí wa kò fi rí i kà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí odó, torí kò sí ọmọ Okun tí kò mọ iyán. Tí ẹnì kan bá ń gún un, á gbé ọmọ odó sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀. Láàárín méjì, odó á dákẹ́. Tí ẹni méjì bá dojú kọ ara wọn lórí odó kan náà, bí tẹni yìí ṣe ń balẹ̀ ni tọ̀hún ń tẹ̀ lé e, odó kò ní sinmi. Bí agbára ṣe ń tẹ̀ léra nínú CD175 nìyẹn.

Àmọ́ àfiwé yìí ní ibi tó parí sí. Àwọn tó ń gúnyán máa ń gbé ọmọ odó sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú CD175, písítínì méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Iná ni wọ́n ń pín ṣe. Tí èyí bá ń gba agbára lọ́wọ́ iná, èkejì ń fa epo wọlé. Tó bá tún yí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pààrọ̀ iṣẹ́.

Ta ló sọ ètò yìí di gbajúmọ̀?

Kì í ṣe Honda. Ní 1937, Edward Turner ti ilé iṣẹ́ Triumph ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Speed Twin jáde, písítínì méjì tó jọ ń gòkè. Ó tà wàràwàrà, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń tẹ̀ lé e. Honda náà gba ọ̀nà yìí fún CD175, àmọ́ fún CB450 tó jáde ní 1965, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà: bí písítínì kan bá wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀.

Èwo ló dára jù? Ó ní ohun tí kálukú ń gbà, ó sì ní ohun tó ń san. Tí méjèèjì bá jọ ń gòkè, iná á máa ṣẹ́ ní ìdọ́gba, àmọ́ ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n sókè sódò. Tí wọ́n bá ń gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbígbọ̀n sókè sódò yẹn á dín kù, àmọ́ iná kò ní ṣẹ́ ní ìdọ́gba mọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó ní CD175 fi gbọ́dọ̀ máa wo bóòtù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ lóòrèkóòrè. Gbígbọ̀n yẹn máa ń tú wọn díẹ̀díẹ̀.

Èrè kejì tún wà. Sílíńdà CD175 fẹ̀ tó mìlímítà 52, písítínì rẹ̀ sì ń rin mìlímítà 41. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ 174 cc. Sílíńdà kan ṣoṣo tó wà nínú Honda CG125 fẹ̀ tó 56.5, písítínì rẹ̀ ń rin 49.5. Ẹ rí i pé ẹ́ńjìnnì CD175 tóbi ju ti CG125 lọ, síbẹ̀ písítínì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéré jù, ìrìn rẹ̀ sì kúrú jù. Ohun tó fúyẹ́, ó rọrùn láti yí i padà kíákíá.

Tó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí onísílíńdà kan fi gba ìgboro? CG125 yẹn gan-an ni ìdáhùn. Ó jáde láàárín àwọn ọdún 1970, fún àwọn ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ti ń fi alùpùpù ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí wọn kì í sì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. Honda yọ ṣéènì tó máa ń yí kámù lórí ẹ́ńjìnnì kúrò, wọ́n fi ọ̀pá irin sí i. Ohun tó lè bàjẹ́ dín kù, owó àtúnṣe náà dín kù. Nígbà tí iṣẹ́ bá di ti akérò, ohun tó rọrùn láti tún ṣe ló máa ń borí.

Bí a ṣe ń mọ sílíńdà tó ń sùn

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní CD175 kan ní Kabba. Nígbà tí ẹbí pé jọ ní Kérésì, oníkọ̀ńdẹ́m kan ti wá dá owó lé e, orí ìwọ̀n ló sì fẹ́ gbé e lé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kó máa gbé e lọ, pé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò lè gun òkè mọ́. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń nu táńkì rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ "kò lè gun òkè" yẹn ló ta mí lólobó. Tí sílíńdà kan bá sùn, kì í ṣe ìdajì agbára nìkan ló lọ. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ á tún máa wọ́ èyí tó ń sùn káàkiri. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ lè má fura. Òkè ló máa tú àṣírí.

Ohun tí a ṣe rèé, ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, torí èéfín ẹ́ńjìnnì nínú ilé ń pa èèyàn.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, a ṣáná sí i, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú kan. CD175 ní páìpù èéfín méjì, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. A kán omi sára páìpù méjèèjì nítòsí ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti òsì gbẹ lójú ẹsẹ̀, ṣàà! Omi ṣàn wálẹ̀ lára ti ọ̀tún, kò gbẹ. Ọ̀tún ló ń sùn.

Kí ló fà á? Kabúrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń fún sílíńdà méjèèjì ní epo, nítorí náà kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀ tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ló sùn. Kọ́ìlì kan ṣoṣo náà ló ń ṣáná sí púlọ́ọ̀gì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan bọ́ sí àkókò tí epo ń dúró de iná, èkejì bọ́ sí àkókò èéfín, kò sì pa nǹkan kan lára. A pa ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kó tutù, a wá gbé púlọ́ọ̀gì ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. A tún ṣáná. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀tún ló gbóná, òsì tutù. Oorun náà bá púlọ́ọ̀gì lọ! Púlọ́ọ̀gì tuntun méjì ni a rà, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Ká ní oorun náà dúró sí ọ̀tún ni, à bá yẹ wáyà àti fìlà púlọ́ọ̀gì wò, lẹ́yìn náà bóyá sílíńdà yẹn ṣì lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Tí kò bá lè ṣe é mọ́, ríìngì tàbí fáàfù ti jẹ, owó ńlá nìyẹn. Ẹ má sì máa fi sílíńdà kan gùn ún kiri: epo tí kò jóná á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, irin á máa ha irin.

Ọ̀rọ̀ táyà

Inú Bàbá dùn, ó ní òun á gùn ún gba Obájànà lọ sí Lọ́kọ́ja. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ojú ọ̀nà yẹn, tírélà sìmẹ́ǹtì ló kún bẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ara táyà. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin máa ń wà níparí: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Tó bá jẹ́ mẹ́ta ni ẹ rí, wọ́n ti ṣe táyà yẹn kí ọdún 2000 tó dé. Mẹ́ta ni mo rí. Eyín rẹ̀ ṣì ga, àmọ́ rọ́bà máa ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Á le, á sán, kò sì ní di ilẹ̀ mú mọ́. Bàbá gbà, wọ́n sì ti ní ká bá wọn wá táyà tuntun àti wáyà bíréèkì. Títí dìgbà yẹn, àyíká ilé nìkan ni.

Nítorí náà, tí oníkọ̀ńdẹ́m bá gbé ìwọ̀n dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ ní kó dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ bu omi sínú ife. Tí páìpù kan bá gbóná tí èkejì tutù, alùpùpù yín kò tíì kú. Tí àtúnṣe rẹ̀ bá sì ju agbára yín lọ, ẹ tà á fún ẹni tó máa tún un ṣe, ní iye alùpùpù. Ẹ má tà á ní iye irin.