Bí Iná Ọkọ̀ Ògbólógbòó Bá Ṣàìsàn

Ọkọ̀ Volkswagen tí a mọ̀ sí Ìjàpá a máa pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n bí irin rẹ̀ tilẹ̀ le, wáyà inú rẹ̀ a máa gbó. Bí ó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lówùúrọ̀, ọ̀pọ̀ onímọ́tò a sáré lọ ra bátìrì titun. Èyí lè jẹ́ fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọlọ́gbọ́n a máa tọ iná láti orísun rẹ̀, bí ọdẹ ti í tọ ipasẹ̀ ẹran. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà. Kí ó kọ́kọ́ tú wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni iná ń gbà padà sílé. Lẹ́yìn náà, kí ó tú èkejì. Bí ohun funfun bí ìyẹ̀fun bá bo orí bátìrì, tàbí tí wáyà bá dípẹtà, kí ó ha wọ́n títí wọn yóò fi dán, kí ó sì dè wọ́n pinpin.

Bátìrì oní-fóòtì 12 tí ó kún a máa fi nǹkan bí 12.6 hàn lójú mítà. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó ju 13 lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ń bọ́ bátìrì ni ó ń ṣàìsàn.

Bí fíúsì bá sì jó, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tí ó fi ìṣó dípò rẹ̀ ti pa ajá tí ń ṣọ́ ilé: wáyà ni yóò jó lẹ́yìn náà, ọkọ̀ a sì lè di eérú.