Abúlé Íjíbítì tó gba òkú ọmọ Gánà bí ọmọ: ta ni ìjọ ń pè ní ajẹ́rìíkú?

Èdè Twi kò ṣọ̀wọ́n lójú títì Grand Concourse ní Bronx, nílùú New York. Àwọn ará Gánà pọ̀ ládùúgbò náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀. Ìrìn àtijẹ ló gbé ọ̀pọ̀ wọn kúrò nílé. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ló gbé Matthew Ayariga, ọmọ Gánà, dé Líbíà. Kò padà sílé mọ́, ṣùgbọ́n lónìí ó wà lára àwọn ẹni mímọ́ tí ìjọ Coptic ti Íjíbítì àti ìjọ Kátólíìkì jọ ń rántí.

Kí ló ṣẹlẹ̀?

Láàárín ìparí ọdún 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, àwọn agbébọn jí 20 ará Íjíbítì gbé nílùú Sirte ní Líbíà. Ọmọ ìjọ Coptic ni wọ́n, alágbàṣe tó ń fowó ránṣẹ́ sílé. Abúlé al-Our ní ẹkùn Minya ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ayariga náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbébọn yìí. Ní ọjọ́ 15, Oṣù Kejì, ọdún 2015, ẹgbẹ́ Islamic State gbé fídíò jáde, nínú èyí tí wọ́n ti bẹ́ àwọn mọ́kànlélógún náà lórí létí òkun. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Póòpù Tawadros Kejì, olórí ìjọ Coptic, ti kéde pé ajẹ́rìíkú ni gbogbo wọn.

Ní ọdún 2018, wọ́n gbé òkú àwọn 20 padà sí al-Our, sínú ìjọ tí wọ́n kọ́ ní ìrántí wọn. Òkú Ayariga ṣì wà ní Líbíà títí di ọdún 2020, kí wọ́n tó gbé e lọ bá àwọn yòókù. Yorùbá ní àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Ayariga kò rèlé, ṣùgbọ́n abúlé tí kò bí i ló tẹ́ ẹ sáàárín àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ta ni ajẹ́rìíkú?

Kì í ṣe gbogbo Kristẹni tí wọ́n pa ni ìjọ Kátólíìkì ń pè bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ hàn pé ìkórìíra ìgbàgbọ́ ló mú apànìyàn ṣe é, àti pé ẹni tó kú kò sẹ́ Kristi nígbà tí ikú dójú ẹ̀. Láti ayébáyé, ọjọ́ tí ajẹ́rìíkú kú ni ìjọ ń pè ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí ọ̀run, ọjọ́ náà ni wọ́n sì fi ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀.

Láti ọdún 451 ni ìjọ Coptic àti Róòmù ti pínyà. Síbẹ̀, ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Póòpù Francis fi àwọn mọ́kànlélógún náà kún ìwé àwọn ajẹ́rìíkú ti Kátólíìkì. Ohun tí àríyànjiyàn ọdún tó lé ní 1,500 ti pín níyà, ẹ̀jẹ̀ àwọn alágbàṣe so ó pọ̀.

Ọ̀wọ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 5, Oṣù Kẹfà, ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ St. Francis Xavier nílùú Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ènìyàn 40, ó kéré tán. Bíṣọ́ọ̀bù Jude Arogundade ti Oǹdó, tó sin àwọn tó kú, ti ṣe àlùfáà rí ní Elmsford, ìlú kan tó wà ní àríwá sí Bronx, kó tó joyè bíṣọ́ọ̀bù.

Ní ọdún 2023, Póòpù Francis gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti kó orúkọ àwọn tó kú nítorí ìgbàgbọ́ láti ọdún 2000 jọ, láìka ìjọ tí wọ́n ń lọ sí. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, orúkọ tí wọ́n rí kó jọ ti lé ní 1,600.

Ìgbìmọ̀ lè kọ orúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wa ni orúkọ ń gbé. Ẹni tó bá mọ ẹnì kan tó kú ní Ọ̀wọ̀, ìbáà jẹ́ Bronx ló wà tàbí Àkúrẹ́, kó pe orúkọ onítọ̀hún létí ọmọ rẹ̀ ní gbogbo Pẹ́ńtíkọ́stì, kó sì sọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ohun tí al-Our ṣe fún àlejò, ẹ má jẹ́ ká fi du ará ilé wa.